Ohun Tí Ọwọ́ Mi Kàn Lábẹ́ Kanáàlì

Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn kì í rí ẹni tó ń ṣe é. Bí ẹ bá gba orí afárá kọjá ní Brooklyn láyé ìgbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ máa rí kò ju ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ kan lọ, ọkùnrin kan tó di okùn mú, àti omi dúdú tó ń hó lójú kan. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀ ibi tó ń hó yẹn. Òmùwẹ̀ ni mí. Kì í ṣe òmùwẹ̀ ti ìdíje o. Èmi ni mo ń lọ yẹ ògiri wò lábẹ́ omi, tí mo ń fi ọwọ́ mọ èyí tó ti ń kú lọ àti èyí tó ṣì lágbára.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tremont, ní Bronx, ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n ká mi mọ́ ìdí abọ́ mọ́ínmọ́ín. Ọ̀kan ń ro kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ń ro iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan kò sì tíì mọ èwo ni tirẹ̀. Èyí tí kò tíì mọ̀ yẹn ló bi mí pé, "Grandpa, ẹ̀rù ò máa bà yín ni?" Mo ní ẹ̀rù bà mí dáadáa, ẹ̀rù wà lára irinṣẹ́ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ.

Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilé ti dúró lórí òpó nínú omi, tí ọmọ á ti mọ̀wẹ̀ kó tó mọ ìrìn rìn dáadáa. Ọkọ̀ ni bàbá mi ń gbẹ́. Bí mo ṣe dé New York kò gba àlàyé púpọ̀: ìwé jáde, mo wá, òtútù sì kí mi káàbọ̀. Iṣẹ́ fífọ ọkọ̀ ojú omi ni mo kọ́kọ́ rí. Lọ́jọ́ kan okùn kan já bọ́ sómi, mo bẹ́ tẹ̀lé e, mo sì mú un wá. Ọkùnrin kan tó dúró létí omi wò mí títí, ó ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kì í jẹ wá lówó.

Arne lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Norway ni, ó bá bàbá rẹ̀ dé Brooklyn nígbà tó wà lọ́mọdé, ìdílé wọn ló ń kan ògiri èbúté láti ìran dé ìran. Ó ga bí òpó iná, irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí irun àgbàdo. Kì í pariwo. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá tí kì í pariwo ṣiṣẹ́ rí á mọ̀ pé irú wọn ló le jù.

Mo rò pé nígbà tí mo ti mọ̀wẹ̀, ọjọ́ kejì ni màá wọ omi.

"O mọ̀wẹ̀?" ni Ọ̀gá Arne bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Inú omi ni wọ́n bí mi sí."

"Ẹja náà mọ̀wẹ̀. Èmi kì í gba ẹja síṣẹ́. Di okùn yìí mú."

Okùn yẹn ni mo dì mú fún ìgbà pípẹ́. Òmùwẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ máa ń dé akoto tó bo gbogbo orí, rọ́bà gígùn kan á máa fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí i láti òkè, a sì so okùn mọ́ rọ́bà náà. Ẹni tó di okùn mú ni ìyá, ni bàbá òmùwẹ̀. Bí òmùwẹ̀ bá fa okùn, ó ní ìtumọ̀, bó bá dẹ̀ ẹ́, ó ní ìtumọ̀. Ọ̀gá Arne á dúró sẹ́yìn mi. Bí mo bá yí ojú wo ọkọ̀ tó ń kọjá, á fi ìka kan mi léjìká. Lọ́jọ́ kan ebi pa mí, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di okùn mú, mo ń fi tòsì jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Ọ̀gá gba búrẹ́dì náà lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́, ó jù ú sínú kanáàlì.

"Ọwọ́ méjèèjì rẹ ni ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ yẹn fi ń mí," ló wí. "Èwo lo yá búrẹ́dì nínú rẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò jẹun lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó mi, Abẹ́ní, ní bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jẹun bí ẹni tó ti ogun dé lálaalẹ́.

Nígbà tó yá, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó fi aṣọ dúdú dì mí lójú, ó to igi àti òkúta síwájú mi, ó ní kí n fọwọ́ kàn wọ́n.

"Kí lo fọwọ́ kàn?"

"Gẹdú tó ti jẹrà, Ọ̀gá."

"Ọwọ́ kì í kan jíjẹrà. Kí ni ọwọ́ rẹ kàn?"

Mo ronú. "Ó rọ̀. Èékánná mi wọlé tán. Ó ń rún dànù bí . . . bí èkuru."

"Ìyẹn ni kí o sọ. Ọ̀rọ̀ jíjẹrà, jẹ́ kí àwa tí a wà lókè máa rò ó. Má sọ ohun tí o rò, sọ ohun tí ọwọ́ rẹ kàn." Lẹ́yìn náà ló bi mí, "Kí ni èkuru?"

Abẹ́ní se èkuru, mo gbé e lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka pa èyí tó kù sí abọ́ wò, ó ní, "Òótọ́ ni. Gẹdú tó bá rí báyìí, kó má dúró." Láti ìgbà náà, "èkuru" wọ èdè ilé iṣẹ́ wa. Àwọn ọmọ Puerto Rico, àwọn ọmọ Poland, gbogbo wọn ló ń pariwo "èkuru" látinú akoto.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kanáàlì náà fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Odò tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ ni. Láyé àtijọ́, odò kékeré kan ló ń ṣàn láàárín ẹrẹ̀ ní Brooklyn, wọ́n wá gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, kí ọkọ̀ ẹrù lè wọlé. Kí ilẹ̀ má baà ya sínú omi, wọ́n to gẹdú lé gẹdú, gbọọrọ àti ìbú, bí ẹni to igi ìdáná, wọ́n sì kó òkúta sáàárín rẹ̀. Ògiri tí mò ń sọ nìyẹn. Àwọn tó tò ó ti kú tipẹ́tipẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ tó yí i ká sì ti fi omi náà ṣe ààtàn títí ó fi dúdú bí tàdáwà. Tí a bá jáde níbẹ̀, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ aṣọ wa kí wọ́n tó bọ́ akoto lórí wa. Síbẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára wa; nínú ọkọ̀ ojú irin D tó ń gbé mi padà sí Bronx, mo máa ń rí àyè jókòó, kódà lásìkò tí èrò kún dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, iná tó wà lórí akoto mi kò wúlò fún ohunkóhun. Òkùnkùn biribiri. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi kan gẹdú. Mo fi ìka tọ ara rẹ̀, mo bá ojú àáké, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, gbogbo wọn dà sí apá kan náà, àtàǹpàkò mi sì wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni pé tèmi ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Orí mi wú. Ọmọ agbẹ́kọ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ọwọ́ mi kàn.

"Ọ̀gá," ni mo wí nínú tẹlifóònù akoto, "ẹnì kan ti wà níbí."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọlọ́wọ́ òsì ni."

Mo gbọ́ tí Ọ̀gá mí kanlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. "Máa bá a lọ," ló wí. Nígbà tí mo jáde, òun fúnra rẹ̀ ló bu kọfí fún mi, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ lọ dáadáa fún ọdún bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ògiri kan wó lù mí.

Kì í ṣe ní kanáàlì yẹn gan-an, àgbàlá aládàáni kan ni, ní etí omi mìíràn. Ẹni tó ni ibẹ̀ kó òkúta rẹpẹtẹ sétí ògiri, kò sì sọ fún wa. Omi òkun ń fà lọ lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tó ń ti ògiri lẹ́yìn láti iwájú mọ́. Mo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí arúgbó bá ń na egungun, ohun gbogbo sì ya lé mi. Gẹdú kan tẹ ẹsẹ̀ òsì mi mọ́ ẹrẹ̀, òkúta bo ẹ̀yìn mi. Afẹ́fẹ́ ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n mo ń mí bí ajá tó sáré. Mo pariwo. Mo pe Abẹ́ní. Mo pe ìyá mi tó ti kú.

Ohùn Ọ̀gá wá nínú etí mi, jẹ́ẹ́jẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. "Festus. Kí ni ọwọ́ rẹ kàn?"

"Mò ń kú lọ, Ọ̀gá!"

"Ọwọ́ kì í kan ikú. Kí ni ọwọ́ rẹ kàn?"

Mo na ọwọ́. "Gẹdú. Ó le. Ó dà sápá ọ̀tún."

"Ó dára. Òmíràn?"

"Òkúta. Ó tó orí ènìyàn. Ó ń mì."

"Má fọwọ́ kan ìyẹn mọ́. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ẹrẹ̀. Ó rọ̀. Ọwọ́ mi ń wọ inú rẹ̀."

Bó ṣe ń bi mí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń dáhùn, bí mo ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni èémí mi ń wálẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń di aṣọ omi mọ́ ọn lára. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti ní òun kò ní wọ omi mọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bà mí léjìká, ìka kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń ṣe lórí ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi bí adìyẹ ṣe ń tan ilẹ̀, títí ẹsẹ̀ náà fi rì díẹ̀, tó sì yọ. Egungun ti kán níbi méjì.

Ní ọsíbítù, Ọ̀gá jókòó tì mí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó fẹ́ dìde lọ, ó ní, "Ìròyìn tí o mú wá láti ìsàlẹ̀ yẹn dára gan-an." Abẹ́ní tó jókòó lápá kejì kò mọ bóyá kí òun sunkún tàbí kí òun rẹ́rìn-ín. Ó ṣe méjèèjì.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòlò, á sá. Nígbà tí ẹsẹ̀ jinná, mo lọ ń wa ọkọ̀ èrò ní Jamaica tó wà ní Queens, mò ń kó àwọn tó ń lọ sí pápákọ̀ òfúrufú. Inú Abẹ́ní dùn, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni òun ń ṣe, ó ní ó tó kí ẹnì kan nínú wa máa ṣiṣẹ́ níbi tó gbẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba orí afárá, ọkọ̀ á máa rìn, ojú mi á wà lára ògiri etí omi. Lọ́jọ́ kan Abẹ́ní wà nínú ọkọ̀ náà. Ó wò mí, ó wo omi.

"Baba Tósìn," ló wí, "ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tó gbé wa já sódò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ wọ abẹ́ ògiri tí ẹnì kan kò tíì yẹ òkè rẹ̀ wò, ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó yín ní rárá."

Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Arne gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òfin tó dára ni. Láti ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi, ẹnì kan á kọ́kọ́ rin orí ògiri já. "Òfin Abẹ́ní" ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun èlò wa yí padà lọ́wọ́ mi. Akoto fúyẹ́ sí i. Aṣọ tó ń jẹ́ kí ara gbẹ dé, òtútù dínkù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń ju ohùn sínú omi, tó ń fi ìró tó padà ya àwòrán ògiri sójú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pòṣé. Lọ́jọ́ kejì ó fi ihò kan hàn mí, ihò tí ǹ bá ti ki orí bọ̀. Mo dẹ́kun pípòṣé. Ẹ̀rọ á fi ibi tí ihò wà hàn wá, ọwọ́ á sì sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá Arne fẹ̀yìn tì ní àsìkò náà, ó kó lọ sí Florida, ó ní òun kò fẹ́ fojú kan omi tútù mọ́ láyé òun. Ọdọọdún ló ń fi páálí ọsàn ránṣẹ́ sí wa.

Bó ṣe kan èmi láti jẹ́ àgbà níbi iṣẹ́ nìyẹn, kété tí wọ́n pinnu láti fọ kanáàlì náà mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Ẹrẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó jáde náà ló ti ògiri lẹ́sẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe sí àwọn ògiri àtijọ́?

Àwọn méjì ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Curtis ni ti ààbò. Ọmọ Jamaica, Queens, ni, ọkùnrin gbẹ̀dẹ̀ tí kì í bọ́ akoto òṣìṣẹ́ lórí àní bó bá ń jẹun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má kú. Elaine ni ti ohun àtijọ́. Obìnrin kúkúrú, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ó mọ ìtàn gbogbo gẹdú etí kanáàlì bí ẹni mọ oríkì ìdílé. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ibì kan tí kanáàlì ti ya sí ẹ̀gbẹ́ bí àgbàlá omi, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti ń já ẹrù nígbà kan rí. Ògiri gẹdú wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ àti lápá ìwọ̀-oòrùn, àtẹ̀gùn gẹdú gbígbòòrò kan sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ wọ inú omi.

Nínú kọ̀nténà tí a sọ di ọ́fíìsì ni wọ́n ti kò lójú.

"Irin la máa fi bo gbogbo rẹ̀," ni Curtis wí. "Láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn gbọ́dọ̀ lọ."

"Ẹ ò ní fọwọ́ kan ìṣó kan ṣoṣo níbẹ̀," ni Elaine dáhùn.

"Ìyáàfin, bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú síbẹ̀, ṣé gẹdú ni màá gbé fún ìyá rẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni Curtis, bí a bá wó gbogbo ohun tó lè pa ènìyàn ní New York, kí ló máa kù tí ẹ máa dáàbò bò?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Kí n má purọ́ fún yín, ti Curtis ni ọkàn mi ń ṣe. Ẹsẹ̀ mi tó kán ti dìbò kí n tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó. Kí ẹ̀yin méjèèjì gbé ohun ìgbọ́ràn sétí, kí ẹ máa gbọ́ mi bí mo ṣe ń lọ."

Ọ̀kan nínú wa rin orí ògiri já ná, gẹ́gẹ́ bí òfin Abẹ́ní. Mo wá sọ̀ kalẹ̀. Apá ìlà-oòrùn ni mo kọ́kọ́ lọ, èyí tí Elaine fẹ́ràn jù, nítorí pé gẹdú rẹ̀ ló pẹ́ jù.

"Kí lẹ fọwọ́ kàn?" Ohùn Elaine ló kọ́kọ́ dé.

"Ojú gẹdú dán, ma. Ṣùgbọ́n ihò wà lára rẹ̀, ihò tó gba ìka, ó pọ̀. Inú ihò náà ní nǹkan funfun bí èèpo ẹyin." Mo fi irin ọwọ́ mi tì í. Irin náà wọlé bí ọ̀bẹ wọ ìbẹ́pẹ. "Èkuru ni, ma."

Kò sẹ́ni tó túmọ̀ èkuru fún un, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa tó. Mo gé díẹ̀ gbé sókè. Nígbà tí mo jáde, ó ti ń dúró dè mí. Ó gbà á, ó fọwọ́ fún un, ó wó sí i lọ́wọ́.

"Kòkòrò ni," ni mo wí. "Ní ilé bàbá mi a mọ̀ ọ́n. Òun ló ń lu ìdí ọkọ̀, a sì máa ń fi iná rá ìdí ọkọ̀ náà kó tó wọlé."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́. Omi náà dọ̀tí tẹ́lẹ̀ débi pé kòkòrò gan-an kò lè gbé inú rẹ̀. Bí omi èbúté ṣe ń mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń padà wá."

"Ẹ ń sọ pé ìdọ̀tí ló pa á mọ́ láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ìdọ̀tí ni, ma."

Ó jókòó sórí òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ó ti jà fún fífọ kanáàlì náà mọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Curtis kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí orí rẹ̀, ó fi í mọ́ abíyá, ó dúró tì í. Mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án, mo lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn àti ìdí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ sún mọ́ ojú ìṣàn àtijọ́ kan, níbi tí omi aláìníyọ̀ tí kòkòrò náà kò fẹ́ ti ń wọlé, ẹrẹ̀ sì bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti irin, irin kò wọlé. Mo gbá a, ó ta padà.

"Ẹ tún un gbá," ni Curtis wí.

Mo gbá a. Ó dún gan-an.

"Ẹ lọ sí èkejì." Mo lọ. Ó dún gan-an. A ṣe é títí dé igun.

"Ọ̀gbẹ́ni Festus," ni Curtis wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ògiri ló ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ fọkàn tán èyí?"

Mo dúró sínú òkùnkùn náà. Ẹsẹ̀ mi ń sọ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní "rárá," ó ti tán nìyẹn, wọ́n á gé e lọ́la.

"Curtis," ni mo wí, "ohun tí mo rò kọ́ lẹ rán mi wá wò. Ọwọ́ mi kan gẹdú tó le. Kò ní ihò. Ó dúró déédéé."

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ máa bọ̀ lókè. Ìyáàfin, ẹ wá ká jókòó."

Orí ìdérí páálí pízà ni wọ́n ti yàwòrán rẹ̀, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú bírò kan tí wọ́n ń já gbà lọ́wọ́ ara wọn. Apá ìlà-oòrùn, a ó wọn gbogbo gẹdú rẹ̀, a ó ya àwòrán rẹ̀, a ó yọ ọ́, irin ni yóò rọ́pò rẹ̀. Elaine ló sọ ìyẹn fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Apá ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn ògiri ni a ó gbin irin sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, kí ilẹ̀ lè fẹ̀yìn ti irin, kí ògiri àtijọ́ má gbé ẹrù kankan mọ́ ju ti ara rẹ̀ lọ. Òpó abẹ́ àtẹ̀gùn, a ó fi ìbora tó nípọn wé e kí kòkòrò má rí ibi wọlé. Curtis fẹ́ kí réélì yí gbogbo rẹ̀ ká. Elaine gbà, bí ẹsẹ̀ réélì náà bá lè dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀, láìkan ìṣó mọ́ gẹdú. Curtis fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n irin rọ̀ mọ́ ògiri ní ojú omi, kí ẹni tó bá já sómi rí nǹkan dì mú, kí àkàbà sì wà lópin rẹ̀. Elaine ní ó burẹ́wà. Curtis ní òkú náà burẹ́wà. Ẹ̀wọ̀n wọlé. Ó ku àtẹ̀gùn. Curtis fẹ́ mọ odi dí i, Elaine kọ̀ jálẹ̀, wọ́n fàbọ̀ sórí géètì kékeré kan.

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́, a máa wá oògùn sí i. Ohun tí àwọn méjèèjì kọ́ mi nìyẹn. Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la wé òpó yẹn, àwa la so ẹ̀wọ̀n yẹn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi parí sí. Orúnkún kò fẹ́ òtútù mọ́, dókítà sì ti ń wò mí bí èmi náà ṣe máa ń wo gẹdú.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, èmi àti Abẹ́ní gbéra nílé wa ní University Heights ní ọ̀sán Sátidé kan, a lọ jókòó létí àgbàlá omi náà. Oòrùn yọ, wọ́n ti gbin òdòdó, àwọn ènìyàn ń mu kọfí tí wọ́n fi owó gọbọi rà. Mò ń fi ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ han Abẹ́ní, ó ń sọ pé òun kò rí nǹkan kan, omi nìkan lòun ń rí. Ọkùnrin kan ń mú ajá rẹ̀ rìn kọjá, ajá ńlá onírun pípọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ igbó kan bà sójú omi. Ajá náà rí i. Kí olówó rẹ̀ tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ti fo réélì. Olówó rẹ̀, láìronú rárá, fò tẹ̀ lé e.

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Abẹ́ní di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn. "Ẹ ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ o, Baba Tósìn!"

Omi náà ṣì tutù. Ọkùnrin náà yọ orí, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Mo pariwo, "Ẹ̀wọ̀n! Di ẹ̀wọ̀n mú!" Ó na ọwọ́, ó dì í mú. Ó ń fà á, ó ń fà á, títí ó fi dé ìdí àkàbà. Ó gòkè dé ìdajì, ó wá dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ajá rẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ tó sọnù. Ajá náà ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́bàá ògiri irin lápá ìlà-oòrùn, ó ń fi èékánná ha á, irin ń dún, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dì mú. Ajá kì í gun àkàbà. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́, imú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lókè.

Abẹ́ní bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lókè àtẹ̀gùn, ó ń pè é ní Yorùbá, "Wá níbí! Wá, ọkọ mi, wá!" Ajá náà gbọ́. Ó yíjú, ó lúwẹ̀ẹ́ gba àárín omi kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gẹdú àkọ́kọ́ lábẹ́ omi, ó kan èkejì, ó rìn jáde bí ọba, ó fi orí ti géètì kékeré náà, ó sì gbọn gbogbo omi kanáàlì sí ìyàwó mi lára.

Wọ́n fi aṣọ bo ọkùnrin náà, ó di ajá rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Abẹ́ní fi gèlè nu ojú, ó wò mí.

"Ajá gba ọ̀nà Elaine jáde," ló wí, "olówó rẹ̀ gba ti Curtis."

Mo fóònù àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀kan náà. Mo ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Curtis ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọkùnrin náà ńkọ́?" Elaine ní, "Gẹdú wa ńkọ́? Ṣé èékánná ajá kò ha á?"

Mo tẹrí ba, mo na ọwọ́ sí gẹdú àtẹ̀gùn tó wà lókè pátápátá, mo fi ìka tọ ojú àáké rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tutù. Ó le. Mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.